Òótọ́ àbí irọ́? Ohun tí à ń gbọ́ nípa òfin, ìwé ìròyìn àti lọ́yà tó ń gbèjà ọ̀rọ̀ ẹnu

Ẹ wọ ọkọ̀ èrò ní Abẹ́òkúta, láti Kútọ̀ lọ sí Láfẹ́ńwá, ní nǹkan bí aago méje òwúrọ̀. Ó ṣòro kí ẹ má gbọ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan lórí rédíò tó ń ka ìwé ìròyìn sétí aráyé. Á ka àkọlé, á túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, á fi òwe gbè é lẹ́sẹ̀, á sì dárúkọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Dẹ́rẹ́bà á dá sí i, èrò ẹ̀yìn á fèsì, kí ẹ sì tó dé Láfẹ́ńwá, ẹ ó ti gbọ́ òfin mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí kò sí nínú ìwé òfin kankan. Èyí kò bà mí nínú jẹ́ tó bí mo ṣe ń gbọ́ òfin kan náà lẹ́nu akọ̀ròyìn àti lẹ́nu ọ̀dọ́ lọ́yà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba wíìgì. Irinṣẹ́ tí ènìyàn fi ń gbèjà ọ̀rọ̀ sísọ wà nílẹ̀ níbí, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò gba kọ́bọ̀, síbẹ̀ àgbọ́sọ la fi ń jagun. Ẹ jẹ́ ká gbé àwọn àgbọ́sọ náà wò.

"Òmìnira ìwé ìròyìn? Ti àwọn ará Èkó nìyẹn. Kí ló kàn wá ní Abẹ́òkúta?"

Irọ́ pátápátá. Ìlú yìí ni míṣọ́nárì Henry Townsend ti tẹ Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde ní 1859, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ orúkọ tó ń jẹ́ Nàìjíríà. Èdè wa ló kọ́kọ́ fi sọ̀rọ̀. Ọdún kejì ni apá Gẹ̀ẹ́sì tó dara pọ̀ mọ́ ọn. Ó ń ròyìn ìrìbọmi, ó ń ròyìn ọjà àti ogun, ó sì ń dá sí ọ̀rọ̀ àárín Ẹ̀gbá àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó. Nígbà tí aáwọ̀ yẹn gbóná ní oṣù Kẹwàá 1867, ìlú dìde. Àwọn Ẹ̀gbá ní ìbínú tiwọn, ìbínú náà sì ní ìdí, nítorí Èkó ń na ọwọ́ wọ inú ilẹ̀ wọn. Wọ́n kọlu ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jẹ́, àwọn míṣọ́nárì kó ẹrù wọn lọ. Ìfọ́lé ni ìtàn ń pè é. Ìwé Ìròyìn kò jáde mọ́ láti ọjọ́ náà.

Mo máa ń ronú kan ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yẹn. Kò sí ilé ẹjọ́ tí ẹnikẹ́ni lè gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Kò sí òfin kan tí tọ̀tún tòsì lè nawọ́ sí pé, bí ìwé bá bà ọ́ lórúkọ jẹ́, ibi báyìí ni kó o gbà, má fọ ilé òǹkọ̀wé. Lónìí, orúkọ ìwé náà ló wà lára ilé ẹgbẹ́ àwọn akọ̀ròyìn ní Òkè-Ìléwó. Abala 39 inú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 ló sì fún gbogbo wa lẹ́tọ̀ọ́ láti ní èrò, láti gba ìròyìn àti láti fọ́n ọn ká. Abala 45 ló sọ ibi tí ẹ̀tọ́ náà ti lè ní ààlà. Ẹni tó bá ka 39 láìka 45 ti ka ààbọ̀ ìwé.

"Bí ọ̀rọ̀ bá ti jẹ́ òótọ́, kò sẹ́ni tó lè fi mú ọ."

Ààbọ̀ òótọ́ nìyí, ààbọ̀ tó kù ló sì léwu.

Bí ẹni tí o kọ̀wé nípa rẹ̀ bá pè ọ́ lẹ́jọ́ kí o wá san owó ìbanilórúkọjẹ́, asà tó pé ni òótọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ lo máa fi hàn pé òótọ́ ni. Kì í ṣe òun ló máa fi hàn pé irọ́ ni. Ohun tó dá ọ lójú kò ràn ọ́ lọ́wọ́ àfi èyí tí o bá lè gbé síwájú adájọ́. Ẹni tó sọ fún ọ lè kọ̀ láti wá jẹ́rìí. Ìwé tí wọ́n fi hàn ọ́ lè jẹ́ ẹ̀dà tí kò ní òǹtẹ̀.

Bó bá wá di ẹjọ́ ọ̀daràn ńkọ́? Criminal Code tí àwa ará gúúsù jogún lọ́wọ́ òyìnbó ka ìbanilórúkọjẹ́ sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè sọ ènìyàn sẹ́wọ̀n ọdún kan, ọdún méjì bí ẹni tó kọ ọ́ bá mọ̀ pé irọ́ ni. Nínú Criminal Code ti ìjọba àpapọ̀, abala 377 sọ pé òótọ́ nìkan kò gbà ọ́ sílẹ̀: ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́, títẹ̀ ẹ́ jáde sì gbọ́dọ̀ ṣe aráàlú láǹfààní. Ẹsẹ̀ kejì yìí ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Lọ́yà tó mọ iṣẹ́ á ti bẹ̀rẹ̀ sí kó ẹ̀rí rẹ̀ jọ láti ọjọ́ àkọ́kọ́: owó ta ni ọ̀rọ̀ náà dá lé, ilé ìwòsàn ta ni, ta ni ì bá farapa bí ìròyìn náà kò bá jáde.

Ìgbà kan sì wà tí asà yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ máà sí rárá. Olóyè Bísí Ọnàbánjọ tó ṣe gómìnà Ògùn láti 1979, akọ̀ròyìn ni kó tó di olóṣèlú, Ayékòótọ́ ló sì ń jẹ́ nínú ìwé ìròyìn, orúkọ odídẹrẹ́. Ìjọba ológun tó gbàjọba ní òpin 1983, tó sì tì í mọ́lé, ló gbé Òfin Kẹrin ti 1984 jáde. Lábẹ́ òfin yẹn, bí ìròyìn bá lè sọ òṣìṣẹ́ ìjọba di ẹni yẹ̀yẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ ti délẹ̀, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ló sì máa ru ẹrù ẹ̀rí. Tunde Thompson àti Nduka Irabor ti ìwé ìròyìn The Guardian fi ẹ̀wọ̀n ọdún kọ̀ọ̀kan jura, wọ́n sì ní kí iléeṣẹ́ wọn san 50,000 náírà. Wọ́n fagi lé òfin náà ní 1985. Àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà kò tíì gbàgbé.

"Bí mo bá ti ní 'wọ́n ní', mo ti bọ́."

Irọ́ ni, ẹ̀yin sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ eléyìí. Ẹni tó tún ìbanilórúkọjẹ́ sọ, òun náà ti sọ ọ́. "Bí mo ṣe rí i ni mo ṣe fi ránṣẹ́" tí à ń kọ sórí WhatsApp kò gba ẹnikẹ́ni là. Ìwé ìròyìn tí o kà lè jẹ́ ẹlẹ́jọ́, ìwọ náà á sì jẹ́ tìrẹ.

Ìṣòro tiwa tún ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ìtumọ̀. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ pé àjọ kan ń bi òṣìṣẹ́ kan léèrè nípa owó, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ túmọ̀ rẹ̀ pé "ó ti kówó jẹ." Ọ̀rọ̀ Yorùbá yẹn kì í ṣe ti ìwé ìròyìn mọ́, tìrẹ ni. Tó bá dé ilé ẹjọ́, ọ̀rọ̀ Yorùbá náà gan-an, bó ṣe ti ẹnu jáde, ni lọ́yà olùpẹ̀jọ́ gbọ́dọ̀ kọ sínú ìwé ẹjọ́ rẹ̀, kó tó wá fi ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tì í. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ ti ń bà jẹ́ tàbí tó ń dára. Ẹ wo ẹni tó kọ "ole ni" sí Facebook láìfi àmì kankan sí i: ṣé olè ló pe onítọ̀hún, àbí ọ̀lẹ? Ọ̀kan fẹ̀sùn ìwà ọ̀daràn kàn án, èkejì bú u lásán. Èébú tí ènìyàn bú lójú ìjà, tí gbogbo ẹni tó gbọ́ mọ̀ pé ìbínú ló fà á, yàtọ̀ sí ìbanilórúkọjẹ́. Lọ́yà tó gbọ́ Yorùbá dénú ní ohun ìjà níbí tí lọ́yà tó fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan dàgbà kò ní. Ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tó dára yẹ kó wà lórí pẹpẹ rẹ̀, kó kángun sí ìwé òfin.

"Òfin ìdìtẹ̀ síjọba ti kú tipẹ́."

Ẹ má tíì sin ín. Ní 1909 ni ìjọba amúnisìn gbé òfin náà jáde ní Gúúsù Nàìjíríà, nítorí ẹnu àwọn ìwé ìròyìn Èkó. Christopher Sapara Williams, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di lọ́yà, wà nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin nígbà náà, ó sì takò ó. Wọ́n ṣe é láìfi tirẹ̀ pè. Òmìnira dé ní 1960, òfin náà kò bá òyìnbó lọ.

Ní 1961, wọ́n gbé Chike Obi, onímọ̀ ìṣirò tó tún jẹ́ olóṣèlú, lọ sílé ẹjọ́ torí ìwé pélébé kan tó kọ lòdì sí ìjọba. Ìbéèrè tó dé iwájú ilé ẹjọ́ tó ga jù ni pé: ṣé òfin ìdìtẹ̀ bá ìwé òfin tuntun mu? Adájọ́ àgbà tó dáhùn ni Sir Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá, ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Aláké Adémọ́lá Kejì. Ó ní ó bá a mu. Ohun tó di ìdájọ́ mú ni pé ìjọba lẹ́tọ̀ọ́ láti pa àlàáfíà ìlú mọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún Adémọ́lá, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jókòó sórí àga yẹn, ṣùgbọ́n mo gbà pé ìdájọ́ náà fi òfin tí òyìnbó ṣe láti fi dí wa lẹ́nu lé ìjọba tiwa lọ́wọ́.

Ó ju ogún ọdún lọ kí ìdáhùn mìíràn tó dé. Arthur Nwankwo kọ ìwé lórí bí Jim Nwobodo ṣe ń ṣe gómìnà Anambra. Ilé ẹjọ́ gíga ní Ọ̀nítshà rán an lẹ́wọ̀n ọdún kan. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Enúgu dá a sílẹ̀, ó ní òfin ìdìtẹ̀ kò lè bá ìwé òfin 1979 gbé. Adájọ́ Ọlátáwurà wà lára àwọn tó dá ẹjọ́ náà, ó sì tẹnu mọ́ ọn pé a ti kúrò ní irú àwùjọ tí òyìnbó rò lọ́kàn nígbà tó ń ṣe òfin yẹn. Ìdájọ́ náà wà nínú àkójọ ẹjọ́ ti 1985.

Ṣé ó ti wá kú báyìí? Ọ̀rọ̀ òfin náà ṣì wà nínú Criminal Code bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Nítorí náà, lọ́yà tó bá ní oníbàárà tí wọ́n fi ẹ̀sùn yìí kàn ní ilé ẹjọ́ Ìsàbọ̀ kò gbọdọ̀ wọlé ẹjọ́ kó sọ pé "òfin ti kú." Kó gbé ìdájọ́ méjèèjì dání, ti Obi àti ti Nwankwo, kó sì fi han adájọ́ ìdí tí èkejì fi sún mọ́ ìwé òfin tí à ń lò lónìí.

"Ohunkóhun tó bá bí olóyè nínú lórí Facebook, Cybercrime ni."

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́ nígbà kan. Abala 24 nínú Cybercrimes Act ti 2015 ní ọ̀rọ̀ tó gbòòrò bí agbádá: ẹni tó bá fi irọ́ ránṣẹ́ láti bí ẹlòmíì nínú tàbí láti dà á láàmú lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta, ó sì lè san mílíọ̀nù méje náírà. Lọ́yà kan, Solomon Okedara, gbé òfin náà fúnra rẹ̀ lọ sílé ẹjọ́ ní Èkó. Ó pàdánù ní 2017, ó tún pàdánù ní ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní 2019. Ẹlòmíì á ní ọ̀rọ̀ ti parí. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ gbé ìbéèrè kan náà lọ sí ilé ẹjọ́ ECOWAS, ilé ẹjọ́ náà sì sọ ní 2020, ó tún un sọ ní oṣù Kẹta 2022, pé abala náà tako ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, kí Nàìjíríà tún un ṣe. Ní oṣù Kejì 2024, wọ́n tún un ṣe. Ní báyìí, irọ́ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ènìyàn mọ̀ pé irọ́ ni, tó sì fi ránṣẹ́ láti da ìlú rú tàbí tó fi ẹ̀mí sínú ewu. Ìdẹ́rùbani àti fífi ọ̀rọ̀ gbowó lọ́wọ́ ẹni ṣì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Inú olóyè tó bàjẹ́ kò sí níbẹ̀ mọ́. Bí ọlọ́pàá bá ka òfin 2015 sí ẹnikẹ́ni létí, kí lọ́yà rẹ̀ gbé ti 2024 kalẹ̀ lórí káńtà.

"Àwòrán tí a yà lójú fóònù kì í ṣe ẹ̀rí."

Ẹ̀rí ni. Bí a ṣe ń gbé e wá ni kì í jẹ́ kó wọlé. Mo ti rí ìyá kan tó gbé báàgì ọ̀rá wá sí ọ́fíìsì lọ́yà, ewé pépà mẹ́rìnlélógún nínú rẹ̀, gbogbo ohun tí wọ́n kọ nípa ọmọ rẹ̀ lórí WhatsApp, tí kàfẹ́ tẹ̀ jáde fún un. Lọ́yà bi í pé fóònù ta ni. Ó ní fóònù náà ti bàjẹ́, òun ti tà á fún àwọn aláàtúnṣe. Lọ́yà kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó kàn ń ṣí àwọn ewé náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Abala 84 nínú òfin ẹ̀rí ti 2011 ń béèrè ìwé àfọwọ́sí tó ṣàlàyé ẹ̀rọ tí ohun náà ti jáde, bí wọ́n ṣe lò ó àti pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ta ló máa wá fọwọ́ sí i fún fóònù tí kò sí mọ́? Ẹ tọ́jú fóònù. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ rẹ́. Ẹ kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀.

"Lọ́yà tó bá ń gba ẹjọ́ akọ̀ròyìn rò, òun nìkan ló wà, ebi ló sì máa pa á."

Ti ebi, n kò lè sọ pé irọ́ ni pátápátá. Akọ̀ròyìn kì í sábà lówó. Ti pé òun nìkan ló wà ni irọ́. Àkójọ ẹjọ́ NWLR tí lọ́yà Gani Fawehinmi dá sílẹ̀ ní 1985 wà ní ọ̀pọ̀ yàrá ìwé lọ́yà ní ìlú yìí. Ẹni tí kò ní lè yá a kà. Media Rights Agenda, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ akọ̀ròyìn, ti wà ní Èkó láti 1993, òun ló sì gba ìdájọ́ ní Àbújá ní oṣù Karùn-ún 2023 pé NBC, àjọ tó ń bójú tó ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́, kò láṣẹ láti bu owó ìtanràn lé iléeṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Media Defence ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń ṣèrànwọ́ owó àti ìmọ̀ fún lọ́yà tó ń gbèjà akọ̀ròyìn káàkiri ayé. Yunifásítì Columbia ní Amẹ́ríkà kó ìdájọ́ lórí ọ̀rọ̀ sísọ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ jọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí ẹjọ́ Konaté, akọ̀ròyìn Burkina Faso tí ilé ẹjọ́ Áfíríkà sọ nípa rẹ̀ ní 2014 pé ẹ̀wọ̀n fún ìbanilórúkọjẹ́ ti pọ̀ jù. Ìwé àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Áfíríkà tí wọ́n fi dá ẹjọ́ náà jẹ́ òfin ní Nàìjíríà pẹ̀lú. Ilé ẹjọ́ wa tó ga jù ló sọ bẹ́ẹ̀ ní 2000, nínú ẹjọ́ Abacha àti Fawehinmi.

Ìlànà ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti 2009 tún ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu: àkókò kì í kọjá lórí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ sì lè pe ẹjọ́ nítorí ẹlòmíì. Ibí ni wọ́n ti lò ó. Ní 2020, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà kan, Digital Rights Lawyers Initiative, pe NIMC, àjọ tó ń ṣe káàdì ìdánimọ̀, lẹ́jọ́ ní ilé ẹjọ́ gíga Abẹ́òkúta lórí owó tí wọ́n ń gbà láti tún ọjọ́ ìbí ṣe. Nínú ẹjọ́ yẹn ni adájọ́ ti sọ pé ààbò àkọsílẹ̀ nípa ènìyàn wà lára ẹ̀tọ́ àṣírí tó wà ní abala 37. Lọ́yà káàkiri Nàìjíríà ló ń tọ́ka sí ọ̀rọ̀ tó ti Abẹ́òkúta jáde yẹn.

"Òfin FOI, ìjọba àpapọ̀ nìkan ló kàn."

Irọ́ tó pẹ́ jù lọ nìyí, ó sì ti na àwọn akọ̀ròyìn ní ọ̀pọ̀ ọdún. Òfin yìí ló fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé àti ìròyìn lọ́wọ́ ọ́fíìsì ìjọba. Láti ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún 2011 tí wọ́n ti fọwọ́ sí i, ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ló ń sọ pé kò dé ọ̀dọ̀ àwọn. Ilé ẹjọ́ kan á gbè wọ́n, òmíràn á kọ̀. Ní oṣù Kẹrin 2025, nínú ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ láti Ẹdó, ilé ẹjọ́ tó ga jù sọ ọ́ kalẹ̀ pé òfin náà de gbogbo ìpele ìjọba. Ọ́fíìsì gómìnà ní Òkè-Mósàn wà nínú rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ Abẹ́òkúta Gúúsù àti Ọbáfẹ́mi-Owódé wà nínú rẹ̀.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bi ọ́ pé kí lo fẹ́ fi ìwé náà ṣe. Òfin ní o kò ní láti sọ. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ lè fẹnu béèrè, òṣìṣẹ́ náà á sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fèsì. Bí wọ́n bá dákẹ́, òfin kà á sí pé wọ́n ti kọ̀, o sì ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti lọ sílé ẹjọ́. Ẹni tó fi àìtọ́ kọ̀ lè san 500,000 náírà. Ẹni tó sì mọ̀ọ́mọ̀ ba ìwé jẹ́ kó má baà fi hàn lè ṣẹ̀wọ̀n. Àwọn ohun kan wà tí wọ́n lè fi pamọ́, bí ọ̀rọ̀ ààbò ìlú àti àṣírí ara ẹni, àmọ́ iye tí wọ́n fi gbẹ́ kànga àdúgbò kò sí lára rẹ̀.

Ọ̀dọ́ lọ́yà kan fi ẹ̀dà irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ hàn mí. Ojú ìwé kan péré ni, ìlà mọ́kànlá: kànga mélòó, ní ibo, iye tí wọ́n san, fún ta ni. Kò sí òwe nínú rẹ̀, kò sí ìbínú. Akọ̀wé ibi tó gbé e lọ kọ́kọ́ ní kó lọ mú lẹ́tà wá láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí di aago méjì, títí wọ́n fi lu òǹtẹ̀ "a ti gbà á" sí ẹ̀dà tirẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́. Òǹtẹ̀ yẹn ló tọ́ka sí fún mi ju ohun tó kọ lọ, nítorí láti orí rẹ̀ ni kíkà ọjọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó ti fi bírò ka méje sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló bọ́ sí.